Máṣíìnì Oníkọ́

Àbámẹ́ta, 12 Oṣù Karùn-ún, 1984

Òjò rọ̀ láàárọ̀, ó dá lọ́sàn-án. Èmi àti Sìmbíátù wọ bọ́ọ̀sì láti Ajah lọ kí ìyá rẹ̀ ní Eléko. Nígbà tí a yí sí ẹ̀yìnkùlé, a kò rí ilé ìdáná mọ́. Mo ní bóyá ilé onílé la yà sí. Sìmbíátù fọwọ́ bo ẹnu. Òkun ti gbé ilé ìdáná lọ, ó gbé àwọn igi àgbọn ẹ̀yìn rẹ̀ náà lọ, ó sì ti jẹ ilẹ̀ débi pé ènìyàn lè dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn kó tutọ́ sínú omi. Ìyá jókòó sórí ẹní wọn nínú yàrá bí ẹni tí nǹkan kan kò ṣe. Ojú wọn ti fọ́, wọn kò rí ohun tó ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́ ọ. Wọ́n ní òkun ti di alájọgbé àwọn báyìí, pé ó sì máa ń hanrun.

Sìmbíátù bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá wa padà sí Ajah lónìí yìí. Wọ́n kọ̀. Kì í ṣe pé ó wù wọ́n kí omi gbé wọn. Ọ̀rọ̀ Kàsímù ló wà níbẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, Kàsímù, àbúrò Sìmbíátù, gbé káà wá, ó ní òun fẹ́ gbé wọn lọ sí ọsibítù ojú. Ilé rẹ̀ ní Múṣín ló gbé wọn lọ, ó sì fi wọ́n síbẹ̀ títí wọn kò fi jẹun mọ́, kó tó dá wọn padà. Láti ìgbà náà, Ìyá kì í wọ ọkọ̀ tí wọn kò bá mọ ohùn rẹ̀.

Mo ní ṣebí wọ́n mọ ohùn tèmi. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

“Dókítà, ohùn Kàsímù náà, ṣé mi ò mọ̀ ọ́n ni? Èmi ni mo bí i. Ohùn èèyàn máa ń purọ́. Ti máṣíìnì kì í purọ́. Gbé máṣíìnì oníkọ́ yẹn wá, èyí tó gbé Sìmbí lọ sílé ẹ. Tí mo bá ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀nà, màá dìde.”

Sìmbíátù wò mí, mo wo òrùlé. Láti ìgbà tí orúnkún mi ti bàjẹ́ ní 1976 ni máṣíìnì yẹn, alùpùpù mi àtijọ́, ti wà lábẹ́ páànù lẹ́yìn ilé. Adìyẹ ló ń gùn ún.

Àìkú, 13 Oṣù Karùn-ún

Mo lọ wò ó. Adìyẹ dúdú wa ń sàba lórí ìjókòó rẹ̀. Sìmbíátù ní ṣé n kò lè dúró kó pa ọmọ. Mo ní òkun kò ní dúró. A kó ẹyin náà sínú agbọ̀n, a gbé adìyẹ lé e lórí, ó fò padà sórí ìjókòó. A tún gbé e, ó tún padà. Adìyẹ kan, ìyá ìyàwó kan: n kò mọ èwo nínú àwọn méjèèjì lorí rẹ̀ le jù.

Ìdérí táńkì ti dípẹtà, òòlù ni mo fi rọra ń lù ú kó tó ṣí. Òórùn tó jáde kì í ṣe ti pẹtiróòlù mọ́, ó jọ ti ọ̀dà tí wọ́n fi ń kun ilẹ̀kùn. Mo fi igi kan bọ inú rẹ̀, ó jáde pẹ̀lú ohun pupa kan tó ń fà bí oje igi. Mo ti rí ọgbẹ́ tó sàn ju èyí lọ tó sì pa ẹni tó ni ín.

Ọjọ́rú, 16 Oṣù Karùn-ún

Mo pe Mọ́rúfù, mẹkáníìkì tó wà ní oríta Ajah. Kó tó wo máṣíìnì, ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó fi àpá tí mo bù sí i lápá nígbà èwe rẹ̀ hàn mí, bó ṣe máa ń ṣe nígbàkígbà tó bá rí mi. Ó ní ẹ̀san ti dé, pé òun náà máa bu máṣíìnì mi lápá báyìí.

Ó ní ẹ́ńjìnì kò lẹ̀, pé òun yí i, ó yí. Inú táńkì àti kabúrétọ̀ ni àrùn wà, pẹtiróòlù àtijọ́ ti dì síbẹ̀. Ó béèrè pé kí ló dé tí n kò tú epo rẹ̀ dànù nígbà tí mo gbé e kalẹ̀. Mo ní mo rò pé ọ̀sẹ̀ méjì ni orúnkún mi máa fi san.

Àbámẹ́ta, 19 Oṣù Karùn-ún

Òjò láti àárọ̀. Kò sí iṣẹ́ tí a lè ṣe sí i lónìí, mo kàn gbé àpótí, mo jókòó tì í.

Títun nínú páálí ni ilé iṣẹ́ ìlera gbé máṣíìnì náà fún mi ní 1961. Kò sí títì ní gbogbo agbègbè yìí nígbà náà. Ọkọ̀ ojú omi ló gbé èmi àti òun wá láti Èkó, mo dì í mú ní gbogbo ọ̀nà bí ẹni pé ọmọ ni. Etí òkun ni títì wa. Bí omi bá ti fà sẹ́yìn, yanrìn tó fi sílẹ̀ á le bíi sìmẹ́ńtì, ènìyàn á sì máa sáré lọ láti Máròkó títí dé Eléko láìpàdé ẹnì kan, àfi àwọn apẹja tó ń fa àwọ̀n. Akàn á máa sá fún mi lọ́tùn-ún lósì. Mo máa ń kọrin. N kò mọ̀ pé ayé mi dùn tó bẹ́ẹ̀ nígbà náà, nítorí ẹ̀yìn ń ro mí, yanrìn sì ń wọ inú ẹ̀wà mi.

Kò pẹ́ tí iyọ̀ òkun àti yanrìn fi wọ ara rẹ̀, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí wúkọ́. Á lọ dáadáa díẹ̀, á wá wúkọ́ gbùrùkù, gbùrùkù, bíi baba arúgbó tó gbé tábà sẹ́nu sùn. Gbogbo ẹni tó wò ó ló ní òun ti wò ó sàn, kò sàn. Èmi tí mo ń pín oògùn ikọ́ káàkiri abúlé, máṣíìnì mi ń wúkọ́. Bí wọ́n ṣe sọ mí ní Dókítà Oníkọ́ nìyẹn, èmi tí n kì í ṣe dókítà rárá. Dìsípẹ́ńsà lásán ni mí, tí wọ́n fi iṣẹ́ bíbupá lé lọ́wọ́ nítorí ilẹ̀ gbígbóná.

Ikọ́ yẹn ló sì ń tú mi fó. Bí wọ́n bá ti gbọ́ ọ lókèèrè, àwọn ìyá á kó ọmọ wọn wọ igbó, kí n má bàa bù wọ́n lápá. Màá dé abúlé, màá bá ewúrẹ́ àti ìkòkò ọbẹ̀ lórí iná. Ìyá Sìmbíátù ló mọ̀ ọ́n sá jù. Wọ́n máa ń gbọ́ mi kí ajá tó gbọ́. Lọ́jọ́ kan, wọ́n kó gbogbo ọmọ lọ, wọ́n gbàgbé Sìmbíátù, àgbà àwọn ọmọ náà, sí etí kànga. Ọmọge náà kò sá. Ó na apá sí mi, ó ní, “Ẹ̀yin tí ẹ ń wúkọ́ báyìí, kí ló dé tẹ́ ò lo oògùn yín?” Mo bù ú lápá. Lọ́sẹ̀ kejì mo tún padà síbẹ̀, kò sì sí ẹni tó kù tí mo fẹ́ bù lápá.

Ó ṣì ń bú mi lórí ikọ́ yẹn títí di òní.

Nígbà tí wọ́n ta máṣíìnì náà ní gbàǹjo, èmi ni mo rà á. Wọ́n ní kí n ra èyí tó ṣì lágbára, mo kọ̀.

Àbámẹ́ta, 26 Oṣù Karùn-ún

Ìdùnnú, lẹ́yìn náà ìbànújẹ́. Kí n tò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Ọlákẹ́mi ọmọ wa wá láti Jákáńdè ní Ìlasàn, ó gbé agolo kékeré kan wá. Ọkọ rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ ní èbúté Àpápá, ló gbà á lọ́wọ́ atukọ̀ kan. Oògùn ni, wọ́n ń dà á sínú epo kó lè fọ inú táńkì àti kabúrétọ̀. Ní ìlú tí a ti ń tò fún ọṣẹ ìfọṣọ láti àárọ̀ dọ̀sán, Ọlọ́run rán ọṣẹ táńkì sí mi. Ọlákẹ́mi ní òmíràn kò sí o, atukọ̀ náà ti lọ.

Mọ́rúfù ní kí a dà á sí i lójú ẹsẹ̀. Mo ní ó yẹ kí a kọ́kọ́ tú epo àtijọ́ dànù. Mo rántí ohun tí ọ̀gá wa máa ń sọ ní Ìbẹ̀jú: má ṣe fún ọmọ tí aràn kún inú rẹ̀ ní gbogbo oògùn aràn lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo aràn á dìde pọ̀, wọ́n á dí ìfun ọmọ. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì sọ ọ́. Ṣùgbọ́n Sìmbíátù dúró sórí wa, ó ní òkun kò mọ ohun tó ń jẹ́ ọ̀gá yín ní Ìbẹ̀jú. Mo gbà. Mo da ìdajì sí i lórí epo àtijọ́ pẹ̀lú pẹtiróòlù tuntun díẹ̀. Ìdajì yòókù, mo dé e pa mọ́. Ọlọ́run ló ní kí n ṣe bẹ́ẹ̀.

A dúró kó wọ inú ìdọ̀tí náà. Mọ́rúfù ta kíìkì títí òógùn fi bò ó. Lẹ́yìn náà ló gbà. Ó sọ̀rọ̀, ó yọ èéfín funfun, ó wá wúkọ́ gbùrùkù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Sìmbíátù pàtẹ́wọ́, ó ń jó. Omi bọ́ lójú mi, mo ní èéfín ni.

Máṣíìnì kú kí Sìmbíátù tó jó tán. Mọ́rúfù tú ìdí kabúrétọ̀ wò: ẹrẹ̀ pupa ló kún inú rẹ̀. Oògùn náà ti ṣiṣẹ́. Ó ti ká gbogbo ìdọ̀tí inú táńkì kúrò lára irin, ó sì tì wọ́n sọ̀kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ihò tí pẹtiróòlù ń gbà, abẹ́rẹ́ kò lè gbà á mọ́. Aràn ti dí ìfun ọmọ.



Jímọ̀, 1 Oṣù Kẹfà

Àwẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Òjò.

Àìkú, 3 Oṣù Kẹfà

Mo fẹ́ tú epo táńkì dànù, ẹnu ẹ̀rọ ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti dí. Mo ti rọ́bà bọ inú rẹ̀ láti òkè, mo fẹnu fà á, kó lè dà sínú garawa. Mo fà á jù. Ó dé ọ̀fun mi. Mo wúkọ́, mo bì, ojú mi yọ síta. Kí èémí mi tó balẹ̀ ni mo rántí pé mo ń gbààwẹ̀.

Mo lọ bá Alùfáà Sùlè ní mọ́ṣáláṣí, òórùn pẹtiróòlù ti ṣíwájú mi wọlé. Mo béèrè bóyá àwẹ̀ mi ti bàjẹ́. Wọ́n ronú. Wọ́n béèrè bóyá mo mọ̀ọ́mọ̀ gbé e mì. Mo ní rárá. Wọ́n béèrè bóyá ó yó mi. Àwọn tó jókòó síbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ìdájọ́ wọn ni pé ohun tó bá ti kọjá ọ̀fun ti kọjá ọ̀fun: kí n gba àwẹ̀ mi lọ títí ìrọ̀lẹ́, kí n sì san ọjọ́ kan padà lẹ́yìn ọdún. Wọ́n tún ní kí n má jókòó ti fìtílà nígbà ìṣínu.

Gàrí tún ti gbówó lórí. Àkàrà ni a fi ṣínu, gbogbo rẹ̀ ń ta sánsán pẹtiróòlù lẹ́nu mi.

Àìkú, 10 Oṣù Kẹfà

Fàúsátù, tó ń gbé ẹja wá láti Eléko, dúró lẹ́nu ọ̀nà wa lọ́nà ọjà. Ó ní òkun ru lóru Jímọ̀. Ògiri ẹ̀yìn yàrá Ìyá ti sán láti òkè délẹ̀, ó ní ènìyàn lè rí ojú ọ̀run láti inú ibẹ̀. Àwọn ará ilé ti ń kó lọ. Ìyá ní àwọn ń retí Dókítà.

Sìmbíátù sunkún. Lẹ́yìn náà ó nu ojú, ó ní kí a wá ọkùnrin mẹ́rin kí wọ́n lọ gbé ìyá òun sínú bọ́ọ̀sì tipátipá. Mo ní ṣé Kàsímù ló fẹ́ kí n jẹ́ fún wọn. Ó ní Kàsímù tí ìyá rẹ̀ wà láàyè sàn ju ọmọlúàbí tí ìyá rẹ̀ kú sínú omi. Ó tún ní kí n yá máṣíìnì ẹlòmíràn. Mo ní ẹni tó mọ̀ mí kí ajá tó mọ̀ mí, ṣé máṣíìnì ẹlòmíràn ni mo máa fi tan irú ẹni bẹ́ẹ̀?

Ó ní kí n ṣe ohun tí mo bá lè ṣe kíákíá, òun kò ní bá mi sọ̀rọ̀ òkun mọ́. Ó sì dùn mí ju bó ṣe máa dùn mí ká ní ó bú mi.

Àbámẹ́ta, 16 Oṣù Kẹfà

Òòrùn ràn. A tú táńkì sílẹ̀ pátápátá. A da kẹrosíìnì sínú rẹ̀ pẹ̀lú òkúta wẹ́wẹ́, a di ẹnu rẹ̀, a sì ń mì ín. Orúnkún mi kò jẹ́ kí n pẹ́ nídìí rẹ̀. Sìmbíátù gbà á lọ́wọ́ mi. Ó gbé e sí ìbàdí bí ẹni gbé ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ó ń mì ín, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí kọ orin tí wọ́n kọ lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa. Àwọn aládùúgbò yọjú lójú fèrèsé. Mọ́rúfù gbe orin.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó náà, ẹbí ti ṣètò ọkọ̀ ojú omi, wọ́n ti tẹ́ ẹní sínú rẹ̀. Sìmbíátù ní òun kò wọ ọkọ̀ ojú omi, ẹ̀yìn máṣíìnì lòun máa gùn. Ìyá ní kí la máa sọ pé ó gbé ìyàwó lọ, ikọ́? A gun etí òkun lọ ní ìrọ̀lẹ́, ìborùn rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́yìn mi, máṣíìnì ń wúkọ́, òun náà ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní Ìyá dúró sórí yanrìn, wọ́n ń tẹ́tí sí ikọ́ náà títí kò fi gbọ́ létí mọ́, kí wọ́n tó wọlé lọ sunkún.

Kẹrosíìnì jáde pẹ̀lú ìpẹtà, pupa bí omi osùn. A tún dà á, a tún mì í, títí ó fi mọ́.

Ìṣẹ́gun, 19 Oṣù Kẹfà

Òjò, òjò. Sìmbíátù ní kẹrosíìnì sítóòfù rẹ̀ ti tán sínú táńkì mi, igi tútù la fi dáná. Kò sí ìyà mìíràn lójú rẹ̀, àfi èéfín.

Ọjọ́bọ̀, 21 Oṣù Kẹfà

Mọ́rúfù gbé kabúrétọ̀ wá sórí tábìlì mi. Ihò inú rẹ̀ kéré débi pé wáyà tirẹ̀ kò wọlé. Mo gbé àpò iṣẹ́ mi àtijọ́ jáde, mo mú wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń la inú abẹ́rẹ́. Ó wọlé bí ẹni pé wọ́n dá a fún un. Nínú ihò tó kẹ́yìn ni mo ti fa yanrìn kan jáde, ẹyọ kan, funfun, líle. Mọ́rúfù ní ó ti pẹ́ níbẹ̀ ju pẹtiróòlù lọ. Mo gbé e sórí ìwé yìí, mo wò ó títí. Yanrìn etí òkun ni, ti ìgbà tí a ń sáré. Èmi kò lè jù ú nù, mo fi bébà wé e.

Àbámẹ́ta, 23 Oṣù Kẹfà

Oògùn ẹlẹ́ẹ̀kejì. Lọ́tẹ̀ yìí, bí mo ṣe kọ́ ọ ni mo ṣe é. Táńkì mọ́, pẹtiróòlù tuntun kún inú rẹ̀, mo wọn oògùn tó kù nínú ife ìwọ̀n, mo dà á sí i ní ìdá mẹ́ta, mo ń mì ín láàárín. Mọ́rúfù béèrè bóyá kí á fún un lẹ́yìn oúnjẹ. A fi í sílẹ̀ mọ́jú kó wọ inú rẹ̀ dáadáa.

Àìkú, 24 Oṣù Kẹfà

Ó jí.

Kíìkì kẹta ló gbà. Kò sí èéfín, kò sí ariwo. Ohùn rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń lọ gere bí ẹ̀rọ ìránṣọ. Mọ́rúfù fò sókè, ó ní òun á máa gba ọ̀pọ̀ iṣẹ́ báyìí. Mo jókòó tì í, mo gbọ́ ọ títí, inú mi dùn, ṣùgbọ́n ó dà bíi pé mo ń wá nǹkan tí n kò mọ̀. Mo ní bóyá etí mi ló ti di ti àgbà.

Ìṣẹ́gun, 26 Oṣù Kẹfà

Mo gùn ún dé Ṣàngótẹ́dó, mo sì padà. Orúnkún gbà mí láyè, ọpẹ́ ni fún àdí. Sìmbíátù á wọ bọ́ọ̀sì lọ́jọ́bọ̀ láti lọ palẹ̀ ẹrù mọ́, èmi á bá wọn níbẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀. Ó béèrè báwo ni ìyá òun tí kò ríran ṣe máa dúró lórí máṣíìnì. Òun fúnra rẹ̀ ló dáhùn: ó fa ọ̀já tó fi pọn Ọlákẹ́mi jáde láti ìsàlẹ̀ àpótí. Mo ní èèwọ̀, ọkùnrin kì í pọn àna rẹ̀. Ó ní àwọn ni wọ́n máa pọn mí, torí ẹ̀yìn ni wọ́n máa jókòó sí.

Jímọ̀, 29 Oṣù Kẹfà

Mo jáde lẹ́yìn ìrun àárọ̀. Títì tuntun mọ́, ó ń dán, òjò kò rọ̀. N kò gba etí òkun, kò sí etí òkun tí ènìyàn lè gbà mọ́, omi ti gùn ún. Ṣùgbọ́n mo ń gbọ́ òkun lápá ọ̀tún ní gbogbo ọ̀nà, mo sì kọrin lábẹ́ ètè.

Ní Eléko, Sìmbíátù ti di ẹrù sílẹ̀. Ìyá jókòó sórí àpótí wọn nínú yàrá, wọ́n wọ aṣọ Jímọ̀, ọ̀pá wọn wà lórí itan. Ìmọ́lẹ̀ ń wọlé láti ibi tí ògiri ti sán, omi òkun ń ta sí ẹ̀yìn ilé, a ń gbọ́ ọ ní ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ wa. Mo gun máṣíìnì dé ẹnu ọ̀nà gan-an, n kò pa á, mo ń retí kí wọ́n dìde.

Wọ́n gbé orí sókè, wọ́n fetí sílẹ̀. Wọ́n fetí sílẹ̀ pẹ́. Wọ́n gbé orí sílẹ̀ padà.

“Ta nìyẹn?”

Mo ní èmi ni, Dókítà, mo ti gbé máṣíìnì wá.

“Mo gbọ́ ohùn ẹ. Máṣíìnì yìí kọ́. Ti Dókítà máa ń wúkọ́.”

Sìmbíátù fi Ọlọ́run búra pé òun ni. Ìyá ní Kàsímù náà búra. Sìmbíátù fa ọwọ́ wọn jáde láti fi kan ara máṣíìnì. Wọ́n gba ọwọ́ wọn padà, wọ́n ní gbogbo irin ló tutù bákan náà. Wọ́n fi ọ̀pá lu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní kí a máa lọ, àwọn ṣì ń retí Dókítà.

Mo dúró síbẹ̀ bí òmùgọ̀. Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi, ohun tí mo ń wá lọ́jọ́ Àìkú. Mo ti wo ikọ́ náà sàn. Ìgbà tí mo fẹ́ kó sàn, kò sàn. Ìgbà tí ẹ̀mí àgbàlagbà rọ̀ mọ́ ọn, mo fi oògùn atukọ̀ àti wáyà abẹ́rẹ́ wò ó títí kò fi ku ẹyọ yanrìn kan. Kò tíì sí aláìsàn tó dùn mí pé ara rẹ̀ yá bí eléyìí.

Ìgbì kan gbá ẹ̀yìn ilé, yanrìn ògiri já bọ́ sórí ẹní. Sìmbíátù wò mí.

Mo na ọwọ́ sí ṣóòkù, irin tó ń dín afẹ́fẹ́ ẹ́ńjìnì kù. Mo mọ̀ pé bí mo bá fà á jù, máṣíìnì á kú, n kò sì mọ̀ bóyá orúnkún mi á tún lè ta kíìkì. Mo fà á díẹ̀. Ohùn rẹ̀ wúwo. Mo tún fà á. Ó há a lọ́fun, ó ta pọ̀ọ́, ó sì wúkọ́: gbùrùkù. Mo dá a padà, mo tún fà á. Gbùrùkù, gbùrùkù. Èéfín dúdú bo ẹnu ọ̀nà, ewúrẹ́ sá.

Ìyá jókòó jẹ́ẹ́. Mo rí i tí ètè wọn ń mì. Lẹ́yìn náà wọ́n na ọwọ́ sí afẹ́fẹ́.

“Sìmbí, fún mi ní bàtà mi.”

A gbé wọn sí ẹ̀yìn mi, Sìmbíátù fi ọ̀já gbá wa pọ̀, ó sì so ó níwájú ikùn mi. Ara wọn fúyẹ́ bí aṣọ tó gbẹ. Ọ̀nà jìn kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bógíjẹ́, wọ́n sọ ọ́ sí mi létí pé kò wúkọ́ mọ́. Mo ní ara rẹ̀ ti yá, Ìyá. Mo gbọ́ tí wọ́n ń kọrin lábẹ́ ètè, orin ìgbéyàwó wa náà ni.

Ọjọ́ ìtúnu àwẹ̀

A kírun, a jẹun, Ọlákẹ́mi àti ọkọ rẹ̀ wá. Kàsímù náà wá láti Múṣín, ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá rẹ̀ pẹ́. Wọ́n fi ọwọ́ pa á lórí, wọn kò bú u. Fàúsátù ránṣẹ́ pé yàrá náà ti lọ, pẹ̀lú ẹní. A kò tíì sọ fún Ìyá.

Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n ní kí n mú àwọn lọ sí ẹ̀yìn ilé, sídìí máṣíìnì. Mo gbé àpótí fún wọn. Adìyẹ dúdú ti padà sórí ìjókòó, n kò sì lé e. Ìyá na ọwọ́, wọ́n kan ìyẹ́ rẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín.

“Dókítà, ikọ́ ọjọ́ Jímọ̀ yẹn, ìwọ lo fà á.”

Mo yí ojú sí adìyẹ.

“Ikọ́ àtijọ́ máa ń wá fúnra ẹ̀. Mo sá fún un títí, ṣé mi ò ní mọ̀ ọ́n ni? Tìẹ yẹn, ó ń dúró de ọwọ́.”

Mo bi wọ́n pé bí wọ́n ṣe mọ̀, kí ló dé tí wọ́n fi dìde. Wọ́n kọ́kọ́ fi ọwọ́ wá apá mi, wọ́n sì dì í mú.

“Mo ti sọ fún ẹ pé máṣíìnì kì í purọ́. Ìgbà tó wá purọ́ nítorí mi, mo ní ta ni mo tún fẹ́ máa retí?”